Pópì orí òkè Balang: ohun tí mo rí ní Sichuan

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó pópì tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí òkè ní Sichuan, ní Ṣáínà, kó wá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, kó sì kọrí sí òkè Balang. Chengdu tí mo ti ń kàwé kò ga rárá, nǹkan bíi mítà 500 péré, àmọ́ ọ̀nà tó gba Wolong kọjá máa ń gbéni dé nǹkan bíi mítà 4,480 lọ́jọ́ kan náà. Chappal Waddi ní Taraba, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mi ò sì lè rìn jìnnà kí n tó dúró mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pópì tí wọ́n fi ń ṣe oògùn olóró ni mò ń sọ o. Ìbátan rẹ̀ ni.

Kò sí igi kankan lókè yẹn. Koríko kúkúrú, òkúta, kùrukùru, òjò winniwinni. Inú koríko yẹn ni pópì pupa wà, Meconopsis punicea. Ọ̀pá kan, òdòdó kan. Abala rẹ̀ mẹ́rin rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ àlàárì tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan gbé ọ̀kan sókè díẹ̀. Omi ń kán létí rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ gbẹ táútáú, àwọn eṣinṣin kéékèèké sì sá pamọ́ síbẹ̀. Bó ṣe dorí kodò yẹn ni kì í jẹ́ kí òjò fọ lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ dànù, èyí tó ń jẹ́ kó so.

Aláwọ̀ ìyeyè ló wá gbà mí lọ́kàn jù, Meconopsis integrifolia. Irun aláwọ̀ wúrà bo ewé àti ọ̀pá rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Torí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Veitch, tó ń ta òdòdó ní Ìlú Ọba, ṣe rán Ernest Wilson, tó ń bá wọn wá ewéko kiri, wá sí apá ibí, tó sì rí i lórí òkè nítòsí ìlú Kangding ní 1903.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni òdòdó yìí fi ń wà nílẹ̀ bí ewé lásán, tó ń kó oúnjẹ jọ sí gbòǹgbò, tí yìnyín ń bò ó, tó tún ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀. Lọ́dún tó bá tanná, ó parí náà nìyẹn: á so, èso rẹ̀ á fọ́n ká, òun fúnra rẹ̀ á kú. Ẹni tó bá já a kó tó so, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló já.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi nígbà tí arábìnrin kan já bíi mẹ́ta, tó fi ya fọ́tò, tó sì jù wọ́n sẹ́bàá ọ̀nà. Awakọ̀ wa, bàbá kan tó jẹ́ ará Tìbẹ́ẹ̀tì, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣa wọ́n jọ, ó wé wọn sínú aṣọ, ó ní òun á sá wọn. Àwọn oníṣègùn wọn ń lò ó fún àìsàn ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní nílé àwọn, ẹni tó bá lọ já a fún oògùn gbọ́dọ̀ fi púpọ̀ sílẹ̀ kó lè so. Òfin Ṣáínà ti ń dáàbò bo pupa yẹn báyìí, mo sì dúpẹ́ fún un.

Ẹ wọ aṣọ òtútù tó nípọn tí ẹ bá ń lọ, ẹ rìn jẹ́jẹ́, orí òkúta ni kí ẹ máa tẹ̀. Àwọn tí kò tíì tanná wà láàárín koríko, ó sì ṣòro láti dá wọn mọ̀.

Pópì búlúù ni mo ṣì ń wá. Ẹni tó bá ti dé Bhutan, níbi tó ti jẹ́ òdòdó orílẹ̀-èdè wọn, ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo lẹ lọ, ibo lẹ sì ti rí i?