Omi kán sínú tónà, kò di ẹrẹ̀, ó ń yí kiri. Kí ló fà á?

Alátùn-únṣe Agbowó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni mò ń tún ṣe ní Agbowó níbí, ọ̀kánkán géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Mò ń da ìdọ̀tí tónà, ìyẹ̀fun dúdú tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, láti inú ẹ̀rọ oníbàárà kan sórí ìwé ìròyìn ni píọ̀ wọ́tà tí mo fi eyín já bá kán sí i. Ẹrẹ̀ dúdú ni mò ń retí. Rárá o! Omi náà ká jọ, ó di róbótó, tónà bò ó yíká, ló bá ń yí kiri lórí ìwé. Mo dà á sórí gíláàsì ẹ̀rọ, ó yí láti etí kan dé èkejì, gíláàsì ò tutù. Mo fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ wọnú, ó tún gbéra padà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní iná mànàmáná tó wà lára tónà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Ta ló lè là á yé wa? Ṣé ó tiẹ̀ wúlò fún nǹkan kan, àbí eré ọmọdé lásán ni?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Mọ́lété:

Ẹ kú àkíyèsí. Ọmọ iṣẹ́ yín ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Tónà ń gba iná sára lóòótọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù tó ń yí nínú ẹ̀rọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà nídìí eléyìí. Ike kíkúnná ni tónà, hóró rẹ̀ wà láàárín máíkírómítà 5 sí 10 (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n sì máa ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun sílíkà tí kì í gba omi kó lè máa ṣàn dáadáa. Kò fẹ́ omi rárá. Kí ló wá dé tó tún rọ̀ mọ́ ọn?

Ojú omi ni kí ẹ wò. Omi máa ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, ibi gbogbo tí ojú rẹ̀ bá sì ti ṣí sí afẹ́fẹ́, agbára ló ń ná an. Hóró tó bá jókòó síbẹ̀ ti bo díẹ̀ nínú ojú yẹn, ìnáwó dín kù nìyẹn, kò sì rọrùn láti lé e kúrò mọ́. Ìyẹ̀fun tó bá fẹ́ omi, bíi sìmẹ́ńtì, á rì wọlé, á di ẹrẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ ẹ, apá tó pọ̀ jù lára rẹ̀ á wà lóde. Nígbà tí èyí tẹ́ ẹ rí ń yí lórí gíláàsì, tónà ló kan gíláàsì, omi ò kàn án. Lórí ewé kókò, ara ewé ló ń kọ omi. Tiyín yìí, omi gbé ẹ̀wù rẹ̀ rìn ni.

Pascale Aussillous àti David Quéré ní ilẹ̀ Faransé ló kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2001. Wọ́n pè é ní liquid marble. Lycopodium ni wọ́n lò, ìyẹ̀fun tó ń jáde lára ewéko kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sọ ọ́ di ohun tí kì í gba omi. Àmọ́ kòkòrò ti mọ̀ ọ́n ṣe ṣáájú wọn. Àwọn aphid kan, kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewéko mu, wà tó ń gbé inú ibi tó wú lára ewé. Omi ṣúgà ni wọ́n ń yà, tó bá sì kún ilé wọn, wọ́n á rì sínú rẹ̀. Ìda tó ń bọ́ lára wọn ló ń bo omi náà, wọ́n á sì yí i síta.

Ẹ dán eléyìí wò: ẹ gbé e lé orí omi inú abọ́. Á léfòó. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọṣẹ sínú abọ́ náà.

Ará Sángo:

Tó bá jẹ́ kẹrosíìnì ló kán sí i ńkọ́?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Mọ́lété:

Á rin tónà gbindin. Omi ni tónà ń sá fún, kì í sá fún epo.

Olùyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Yemẹtu:

Ó wúlò, ẹ̀gbọ́n. Níbi iṣẹ́ wa, orí táìlì funfun la ti ń mọ irú ẹ̀jẹ̀. Omi àyẹ̀wò mẹ́ta la ń lò, antibody tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu ṣù ló wà nínú wọn: anti-A aláwọ̀ búlúù, anti-B aláwọ̀ yẹ́lò, anti-D tí kò ní àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a pò ó pọ̀, a gbé táìlì sọ́tùn-ún sósì, a wo èyí tó ṣù. Ní 2012, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà yí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ nínú ìyẹ̀fun calcium carbonate tí kì í gba omi, wọ́n wá gún antibody sínú rẹ̀. Tó bá bára mu, ẹ̀jẹ̀ á ṣù lọ sísàlẹ̀, òkè á mọ́, ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn. Wọ́n tún ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú irú omi róbótó yìí: wọn ò rí ògiri lẹ̀ mọ́, wọ́n á kó ara wọn jọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ara èèyàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò kéré, ìyẹn wù mí. Ṣùgbọ́n táìlì mi ò tíì lọ síbì kankan o.

Alátùn-únṣe Agbowó:

Ẹ ṣeun gan-an, mà, ẹ̀yin Tíṣà náà, ẹ ṣeun. Ó léfòó lóòótọ́! Bí ọṣẹ ṣe kán sí i ló tú, tónà fọ́n ká ojú omi. Mo fi òmíràn sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó ti hunjọ, kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Ibo ló gbà jáde?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Mọ́lété:

Àlàfo wà láàárín hóró sí hóró. Omi ò lè ṣàn gba ibẹ̀, àmọ́ ooru omi ń gba ibẹ̀ jáde. Gáàsì ìta náà ń gba ibẹ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe ohun tó ń dá gáàsì mọ̀: wọ́n á fi aró tó ń yí àwọ̀ padà sínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì fi sílíkà tí kì í gba omi yẹn ro omi kíkankíkan, ẹ ó rí ìyẹ̀fun tó jẹ́ pé omi ló kó nǹkan bíi ìdá 95 nínú 100 rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìpara ti mọ̀ ọ́n: ìyẹ̀fun ni lọ́wọ́, tí o bá fi ra ara, omi ni.

Alátùn-únṣe Agbowó:

Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ àdúgbò, ṣùgbọ́n tónà ò dára fún imú wọn.

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Mọ́lété:

Ẹ gbàgbé tónà. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí irin sí orí iná àbẹ́là títí èéfín á fi bò ó dúdú. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ha á sórí ìwé, kí ẹ wá fi sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán omi kékeré sí i. Kí ọmọ kankan má fọwọ́ kan iná. Tí omi náà bá tóbi jù, á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní róbótó.