Bíréèkì mọ́tò skateboard oníná ò mú ní ìdagẹ̀rẹ́: kí la máa tún ṣe?

Tósìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Skateboard oníná ni ìbéèrè mi dá lé. Mọ́tò méjì ló wà lẹ́yìn, 190 Kv ni wọ́n (ìyípo 190 ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kan). Púlì ọ̀dọ̀ mọ́tò ní eyín 15, ti ara táyà ní 36. Táyà 90 mm, VESC méjì (kọntirólà tó ń darí mọ́tò), bátìrì 10S2P (ìsọ̀wọ́ 10 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara, sẹ́ẹ̀lì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì Samsung 30Q tò. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bíréèkì ń mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ìdagẹ̀rẹ́ 10%, tí eré bá ti wọ 35 sí 40 km/h, ńṣe ló máa ń rọ, bọ́ọ̀dù ò ní dẹ eré rárá. Mo gbé Motor Current Max Brake (òpin iná bíréèkì mọ́tò) láti −40 A sí −60 A, kò yàtọ̀. Ṣé kí n lọ sí −80 A ni, àbí kí n pààrọ̀ mọ́tò?

Délé:
Fi −80 sílẹ̀, àbúrò. Agbára mọ́tò rẹ ti ju ohun tí o nílò lọ. Ibi tí iná ń gbà lọ lẹ́yìn mọ́tò ni kí o wò.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Mọ́tò 190 Kv ń fún ọ ní 9.55 ÷ 190, ìyẹn nǹkan bí 0.05 Nm fún áńpù kan. 60 A á fún ọ ní 3 Nm. Púlì 15 sí 36 sọ ọ́ di ìlọ́po 2.4, ó di 7.2 Nm. Láti àárín táyà dé etí rẹ̀ jẹ́ 0.045 m, torí náà mọ́tò kan lè fi 160 N dá bọ́ọ̀dù dúró, méjèèjì 320 N. Tí ìwọ àti bọ́ọ̀dù bá jẹ́ 90 kg, 88 N péré ni ìdagẹ̀rẹ́ 10% fi ń fà ọ́ wálẹ̀.

Kí ló wá dé tí kò mú? Tí o bá tẹ bíréèkì, mọ́tò di jẹnẹrétọ̀, iná tó ń pèsè sì gbọ́dọ̀ wọ inú bátìrì. 4 A ni òpin iná cháàjì tí sẹ́ẹ̀lì 30Q kan lè gbà. Tìrẹ jẹ́ 2P, ó di 8 A. Ní 40 V, ìyẹn jẹ́ 320 W. Pín wáàtì yẹn sí eré rẹ, wàá rí agbára bíréèkì tó kù. 40 km/h jẹ́ mítà 11.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 29 N ló kù. Ní 20 km/h, 58 N. Ooru tó ń sọnù nínú wáyà mọ́tò á fi díẹ̀ kún un, afẹ́fẹ́ náà á ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n o ti rí i báyìí: bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni bíréèkì ń rọ sí i, mọ́tò tó lè mú 320 N kàn ń wò ni.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ṣí Realtime Data nínú VESC Tool (áàpù tí wọ́n fi ń ṣètò VESC), kí o tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbà tí o ń sọ̀kalẹ̀, kí o sì wò ó nígbà tí o bá dúró tán. Tí Battery Current bá dúró sójú kan ní nọ́ńbà tí o fi sí Battery Current Max Regen (òpin iná tó lè padà sínú bátìrì), tí Motor Current ò sì dé −60, bátìrì ló dè ọ́. Tí Motor Current bá dé −60 tí ti bátìrì ò tíì dé òpin tirẹ̀, mọ́tò ni. Tí méjèèjì bá kéré, wo rìmóòtù. Tí bíréèkì bá mú dáadáa ní òkè, tó wá ń kú díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń lọ, wo Temp MOSFET (ooru kọntirólà) àti Temp Motor (ooru mọ́tò): láti 85 °C, tí o ò bá yí i padà, VESC á bẹ̀rẹ̀ sí í gé iná kù.

Tósìn:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. −4 A ló wà ní Battery Current Max Regen lórí VESC kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá sọ ọ́ di −8 ńkọ́?

Délé:
Nọ́ńbà yẹn wà fún VESC kan ṣoṣo, kì í ṣe fún bọ́ọ̀dù lápapọ̀. −8 lórí méjèèjì di 16 A, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gba 8 A, ìlọ́po méjì òpin rẹ̀. Bíréèkì á mú lóòótọ́, àmọ́ líthíọ́mù á máa lẹ̀ mọ́ ojú anode (ìhà òdì inú sẹ́ẹ̀lì), sẹ́ẹ̀lì á kú kíákíá, ó sì lè gbiná. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyí. −4 àti −4 tó wà níbẹ̀ yẹn ló tọ́.

Ohun tó tọ́ ni kí bátìrì tóbi. 10S4P sẹ́ẹ̀lì kan náà á gba 16 A, bíréèkì á di ìlọ́po méjì ní eré kan náà. Samsung 40T ń gba 6 A, torí náà 4P tirẹ̀ á gba 24 A, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì 21700 ni, ó ga, ó sì nípọn ju 18650 lọ. Wọn àpótí abẹ́ bọ́ọ̀dù kí o tó rà.

Àdùkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bátìrì tó kún bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo nọ́ńbà yẹn lọ.

10S tó kún jẹ́ 42.0 V. Tí ìdènà inú bátìrì 2P bá jẹ́ 0.1 Ω, 8 A tó ń wọlé á fi 0.8 V kún un, ó di 42.8 V, ìyẹn 4.28 V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀pọ̀ BMS (pátákó tó ń dáàbò bo bátìrì) máa ń já iná ní nǹkan bí 4.25 V. Tí iná tó ń padà bọ̀ bá gba inú BMS kọjá, yóò já a láàárín bíréèkì. Iná ò ní ibi tí yóò lọ mọ́, fóòtì inú kọntirólà á fò sókè, bíréèkì á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kọntirólà sì lè jó. Tí wọ́n bá so VESC mọ́ bátìrì tààrà, tó jẹ́ pé cháàjì nìkan ló ń gba inú BMS, bíréèkì ò ní já, ṣùgbọ́n BMS ò ní lè dá ìkún àkúnjù dúró. Ẹ dá cháàjì dúró ní 41 V tí ọ̀nà bá máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀kalẹ̀. Ohun kan náà ni ti bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tò tán, tí ẹ ò lè wọ inú ètò rẹ̀.

Tí bátìrì bá tutù ju 0 °C lọ, ẹ má fi bíréèkì líle cháàjì rẹ̀. Inú ilé ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí kí ẹ tó jáde.

Fiúùsì tó já tàbí kọ́nẹ́kítọ̀ tó tú nígbà bíréèkì ń fa ìfòsókè fóòtì yìí náà. Ẹ fa gbogbo kọ́nẹ́kítọ̀ XT60 àti XT90 wò, kí ẹ sì wá ibi tó ti dúdú tàbí tó yọ́.

Ṣọlá:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti bẹ́líìtì kún un, torí bẹ́líìtì tó fò ò ní bíréèkì kankan. Tí ẹ bá gbọ́ tákátáká nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, eyín ló ń fò. Púlì eyín 15 kéré, eyín díẹ̀ ló ń di bẹ́líìtì mú. Ẹ fi púlì kékeré tó ń ti bẹ́líìtì wọlé kún un kó lè yí púlì mọ́tò ká dáadáa, tàbí kí ẹ gba bẹ́líìtì HTD 5M fífẹ̀ 15 mm dípò 12. Ẹ tún síkúrù tó di mọ́tò mú mọ́ ọ̀pá dè, kí ẹ fi threadlocker (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú) sí i.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi púlì eyín 40 sí ọ̀dọ̀ táyà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí mọ́tò bá ti jẹ́ ààlà, ìyẹn ní eré kékeré: agbára á fi 11% pọ̀ sí i. Ní 40 km/h níbi tí bátìrì ti jẹ́ ààlà, kò ní yí ohunkóhun padà. Táyà onífẹ́fẹ́ 150 mm ní tirẹ̀ á sọ 160 N yẹn di 96 N.

Ẹ má sì gbàgbé pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń mú. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ara ń sún síwájú, táyà ẹ̀yìn ń fúyẹ́. 320 N ti tó láti mú un yọ̀ lórí ọ̀nà tútù. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé ìwúwo sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tósìn:
Rìmóòtù tí ẹ̀gbọ́n Délé sọ, báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Délé:
Gbé táyà kúrò nílẹ̀. Nínú VESC Tool, wọ abala PPM (ibi ètò rìmóòtù), Mapping. Fa rìmóòtù dé ìparí ẹ̀yìn: ó gbọ́dọ̀ ka −100%. Jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ka 0. Tí ó bá ka −80% péré, o ò tíì lo bíréèkì rẹ tán. Tún Start, Center àti End ṣe lórí VESC tó gba rìmóòtù. Motor Current àti Regen ní tiwọn, VESC méjèèjì lo máa kọ wọ́n sí, nítorí CAN (wáyà tó so VESC méjèèjì pọ̀) ò ní gbé wọn kọjá fún ọ.

Títí tí bátìrì tuntun á fi dé, bẹ̀rẹ̀ bíréèkì láti orí òkè. Pẹ̀lú 8 A yìí, tí o bá wọ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ní 15 km/h, 77 N ló wà lọ́wọ́ rẹ. Fi ìyẹn kún afẹ́fẹ́ àti ìfarakínra táyà, ó ju 88 N tó ń fà ọ́ lọ díẹ̀, eré ò ní gòkè. Tí o bá jẹ́ kó dé 40 kí o tó tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí ètò VESC lè ṣe fún ọ mọ́. Ẹsẹ̀ nílẹ̀ tàbí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló kù. Òkè 4% tàbí 5% ni kí o kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú àṣíborí àti ìbọ̀wọ́.