Ṣé ògbufọ̀ ni Tiina Nunnally?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Orúkọ wo ló yẹ ká máa pe ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ tirẹ̀, tó tún ń túmọ̀ ti ẹlòmíràn láti èdè Swídìn? Ohun tí à ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn kan ní "ògbufọ̀" ti tó, pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, kí ló dé tí a ó tún máa wá òmíràn kiri. Àwọn mìíràn ní "olùtúmọ̀". Èmi kò gba ti ìṣáájú rárá, ẹjọ́ díẹ̀ sì wà lẹ́nu mi lórí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ènìyàn kan pàtó, ká lè mọ ohun tí à ń sọ. Chicago ni wọ́n bí Tiina Nunnally sí ní 1952. Ó ń túmọ̀ ìwé láti èdè Swídìn, ti Dẹ́nmárkì àti ti Nọ́wè sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìtàn àròsọ tirẹ̀ náà: Maija jáde ní 1995, Runemaker ní 1996, Fate of Ravens ní 1998. (Nínú Runemaker, ìtumọ̀ ni iṣẹ́ tí obìnrin tó ń tọpa ọ̀daràn náà fi ń jẹun. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn sinmi!) Ní 2007 ó tún Pippi Långstrump ti Astrid Lindgren túmọ̀, ìwé tí àwọn ọmọdé ti ń kà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1950.

Èyí tó kàn wá jù ni ìwé Per Olov Enquist, ọmọ Swídìn, lórí Struensee, dókítà ará Jámánì tó lọ tọ́jú ọba Dẹ́nmárkì tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Dókítà yìí ṣe é títí agbára ìjọba fi bọ́ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí ní 1772. Nunnally ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì gba Independent Foreign Fiction Prize, ẹ̀bùn fún ìtàn àròsọ tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2003. Kí ẹ̀bùn yẹn tó dáwọ́ dúró ní 2015, ọgbọọgba ni wọ́n máa ń pín owó rẹ̀ láàárín ẹni tó kọ ìwé àti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ta ló ń bá ògbufọ̀ pín owó?

Ẹnu ni iṣẹ́ ògbufọ̀. "Fọ̀" tó wà nínú "fọhùn" àti "àfọ̀" náà ló wà nínú rẹ̀. Ó dúró ti oníwàásù tàbí ẹlẹ́jọ́, bí onítọ̀hún bá ti dákẹ́, tirẹ̀ náà tán. Bí kò bá fi kún un, tí kò yọ níbẹ̀, a ó ní ó káre. Ẹ wá wo ìwé mẹ́ta tí Sigrid Undset kọ lórí Kristin Lavransdatter ní èdè Nọ́wè. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn fi Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ ọ́, bí ẹni ń ka Bíbélì àwọn bàbá àgbà. Nígbà tó kan Nunnally, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kọ ọ́, ìwé kẹta sì gba ẹ̀bùn PEN, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, fún un ní 2001. Undset kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn méjì ni òǹkàwé ń gbọ́.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù ni ti orúkọ. Nígbà tó túmọ̀ ìwé Peter Høeg, ará Dẹ́nmárkì, orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà ní 1993, Smilla's Sense of Snow. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ náà, wọ́n yí i padà, ni obìnrin yìí bá ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. "F. David" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, Steven T. Murray! Òun ló túmọ̀ ìwé mẹ́ta Stieg Larsson láti èdè Swídìn. Wọ́n tún tirẹ̀ náà ṣe lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ Reg Keeland. Àkọ́kọ́ nínú wọn, tí ń jẹ́ "Àwọn Ọkùnrin Tó Kórìíra Obìnrin" lọ́dọ̀ àwọn ará Swídìn, ló di The Girl with the Dragon Tattoo. Ògbufọ̀ wo ló ní orúkọ nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ débi tí yóò fi bínú yọ ọ́?

"Olùtúmọ̀" sàn jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbòòrò: ẹni tó ń túmọ̀ àlá, olùtúmọ̀ ni, ẹni tó ń ṣàlàyé òwe náà ń túmọ̀. "Atúmọ̀ èdè" ní tirẹ̀ ti di ti ìwé tí à ń wá ọ̀rọ̀ sí. Ohun tí mo mú wá ni "òǹtúmọ̀wé". Inú ẹbí òǹkọ̀wé, òǹkàwé, òǹtẹ̀wé àti òǹtàwé ló ti wá, kò sì ṣòroó pè ju wọn lọ. Ẹnìkan yóò ní kò sọ pé ìwé ìtàn ni. "Òǹkọ̀wé" náà kò sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ta kò ó. Níbi tó bá ti pọn dandan, ká pè é ní òǹtúmọ̀wé ìtàn àròsọ.

Àwọn ará "ògbufọ̀" lè fi Wole Soyinka dá mi lóhùn, nítorí The Interpreters, ìyẹn "Àwọn Ògbufọ̀", ni orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, 1965. Mo gbà, ṣùgbọ́n ní 1968 tó túmọ̀ ìwé Fagunwa, tó sọ igbó irúnmalẹ̀ di igbó ẹgbẹ̀rún "daemon", ẹ sọ fún mi ibi tí Fagunwa ti fi ẹgbẹ̀rún sórí ìwé rẹ̀.

Ó ku orúkọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí "òǹtúmọ̀wé" bá dúró, a jẹ́ pé "ìtúmọ̀wé" ni iṣẹ́ ọ̀hún, tí "ìtumọ̀" yóò sì máa jẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀ dúró fún. Èyí tí wọ́n bá túmọ̀ tán ńkọ́? "Ìwé àtúmọ̀" ni mo rí, kò sì dùn létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ kó jọ̀wọ́ sọ ọ́.