Kí ló kan ìmọ̀ ìṣèlú nínú ọ̀rọ̀ títo ìlú?

Akẹ́kọ̀ọ́Títò: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ nípa títo ìlú ni mò ń kọ́. Ní sáà yìí, ìwé lórí òmìnira àti ẹ̀tọ́ sí ohun ìní ni wọ́n kó fún wa. Èmi rò pé ibi tí títì máa gbà àti ibi tí àgbàrá máa ṣàn sí ni iṣẹ́ wa. Àbí wọ́n kàn ń fi kún ẹrù wa ni?

ÌyáMáàpù: Ọmọ mi, ó kàn án dáadáa. Wo Vienna, olú ìlú Austria. Ní 1919, ẹgbẹ́ sósíálíìsì, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí ọrọ̀ ìlú kárí mẹ̀kúnnù, gba ìjọba ìlú náà. Lójú tiwọn, ibùgbé kì í ṣe ọjà olówó nìkan. Ní 1923, wọ́n gbé owó orí lé ilé, àwọn ilé olówó ńlá ló sì ń san èyí tó wúwo jù. Owó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́lé: kó tó di 1934, wọ́n ti kọ́ ibùgbé tó lé ní 60,000. Wá àwòrán Karl-Marx-Hof, ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá náà, tí wọ́n ṣí ní 1930. Ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ilé ìfọṣọ wà níbẹ̀, jẹ́lé-ó-sinmi wà, ilé ìkàwé wà, àgbàlá rẹ̀ sì fẹ̀ lọ salalu. Èwo nínú àwọn tó ń kọ́lé tà ló máa fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo?

Alátakò: Màmá, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé àwọn sósíálíìsì nìkan ló ní èrò. Ní 1926, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin ìlú Euclid, ní Ohio, tó ya ilẹ̀ ilé onídìílé kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti fúláàtì àti ti iléeṣẹ́. Ìdájọ́ náà pe fúláàtì ní afòmọ́! Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká odindi ilé ńkọ́? Máàpù ti lé e jáde, kò sí ariwo.

Akẹ́kọ̀ọ́Títò: Háà! Ta ló wá yẹ kó máa pinnu?

ÌyáMáàpù: Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè. Ní Porto Alegre, ní Brazil, ní 1989, aráàdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ dìbò lórí iṣẹ́ tí owó ìlú máa kọ́kọ́ ṣe. Omi, gọ́tà, títì ọlọ́dà, ohun tí mẹ̀kúnnù ń fẹ́ ló rọ́wọ́ mú nígbà náà. Tí wọ́n bá gbé àwòrán ìlú fún ọ, kọ́kọ́ wádìí ẹni tí òfin gbà láyè láti takò ó, àti ìgbà tí wọ́n máa sọ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́Títò: Ẹ ṣeun, màmá. Euclid ni màá fi kọ iṣẹ́ mi. Alátakò, níbo ni mo ti lè ka ìdájọ́ yẹn?