Ṣé kóríyá máa ń yí ọmọ iṣẹ́ padà? Ẹ wá sọ tiyín

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ránṣọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lọ́nà ọjà Ouando. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan wà nínú wọn tó mọ aṣọ gé dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sábà dé ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Mo pariwo. Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Mo ní kó máa dá gbálẹ̀. Oṣù mẹ́rin, pàbó ló já sí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọjọ́ tó bá pẹ́ nìkan ni mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá tètè dé, n kì í tilẹ̀ wojú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ó dé ní aago mẹ́jọ, mo ní: "O ti fi epo sí máṣíìnì kí n tó dé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè parí aṣọ ìyàwó yẹn lónìí." N kò fi nǹkan kan kún un. Kò tó oṣù kan tí òun fi di ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ.

Ọmọ Alákétu
Ẹ ṣeun, ìyá mi. Kétu ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù, àwọn zem, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ mọṣẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tí ó bá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì lásán, á sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbátí ni èsì tó ní fún wa. Bóòtù bọ́, ìgbátí. O béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, ìgbátí. Ohun tí a wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju iṣẹ́ lọ ni bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Lọ́jọ́ kan, ihò tí bùjí (plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì) ń wọ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń dè é. Mo fi ọgbọ́n dí i, mo ní ó ti tán, zem náà sanwó, ó sì lọ. Ọ̀nà Pobè ni bùjí ti fò jáde, obìnrin olóyún ló sì gbé sẹ́yìn. Oòrùn ọ̀sán, kò sí ilé nítòsí. Ká ní ẹlòmíràn ni ọ̀gá mi ni, ǹ bá ti sọ fún un kí alùpùpù yẹn tó kúrò nílẹ̀.
Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kejì, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ba kábúrétọ̀ kan jẹ́. Mo mú un lọ fún un, ara mi ń gbọ̀n. Ó ní, "O ṣeun tí o fi hàn mí kí olówó tó dé." Lẹ́yìn náà ló wá bá mi wí lórí bí mo ṣe dì í mú. N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un mọ́ títí mo fi gba ìdásílẹ̀.

Tòkunbọ̀ Èṣúrò
Ìyìn kì í ra gàrí o.

Ìyá Kajú, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀, owó pàápàá lè ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ìgbà kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ẹnì kan tí a ń ṣa fún ní òun yóò fún ẹni tí kílò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní prímù, ìyẹn owó ìwúrí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò pọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a ti mọ̀ pé kajú tí kò gbẹ wúwo ju èyí tó gbẹ lọ. Kò sẹ́ni tó tún sá kajú sóòrùn dáadáa mọ́. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á dé, tó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, inú rẹ̀ ti hu. Wọ́n dá odindi àpò padà. Kílò ni wọ́n yìn wá fún, kílò náà ni a fún wọn.

Ọmọ Alákétu
Hẹ̀n! Gbólóhùn yẹn tó gbé kọ́ sára ògiri.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́
Ohun tí Ìyá Kajú sọ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìwà ń wí. Edward Thorndike ará Amẹ́ríkà ti àwọn ológbò mọ́ inú àpótí ní 1898, ó rí i pé ohun tí ológbò ṣe tó fi rí oúnjẹ ni yóò tún ṣe. B. F. Skinner wá fi eku àti ẹyẹlé tẹ̀ síwájú. Ohun kan tó rí yóò wúlò fún aránṣọ wa: bí oúnjẹ bá ń wá ní gbogbo ìgbà tí ẹranko tẹ bọ́tìnì, lọ́jọ́ tó bá dáwọ́ dúró, kò ní pẹ́ tí yóò fi jáwọ́. Bí ó bá ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìròtẹ́lẹ̀, ẹranko á tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ìyá, níbẹ̀rẹ̀ ẹ yìn ín lójoojúmọ́. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa ṣe é lóòrèkóòrè.

Tòkunbọ̀ Èṣúrò
Olùkọ́, ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹyẹlé. Láti oṣù kìíní 2023, 52,000 fáráǹkì CFA ni SMIG wa ní Benin, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san. Ẹni tí kò bá gba tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá wá ń pè ní "akíkanjú mi", ṣé akíkanjú ni yóò fi san owó ilé?

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́
Ẹ̀gbọ́n, n kò ní kí wọ́n má sanwó. Owó iṣẹ́ ẹni ni ẹ̀tọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ní 1971, Edward Deci, onímọ̀ ìwà ará Amẹ́ríkà mìíràn, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré kan tó dà bí àlọ́ pé kí wọ́n tò. Àwọn tó sanwó fún, nígbà tí owó dáwọ́ dúró, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn tó fi ẹnu yìn, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i tún pọ̀ sí i ni.

Àbẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì
Ọmọ iṣẹ́ tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ SMIG bí? Òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá.

Tòkunbọ̀ Èṣúrò
Èyí tó tún burú jù nìyẹn!

Akọ̀wé kan
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti búrò wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní lóṣooṣù, àwòrán òṣìṣẹ́ tó dára jù yóò wà lára ògiri. Oṣù mẹ́fà, ojú kan náà là ń rí, ẹni tó máa ń gbé báàgì ọ̀gá wá látinú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣe. Obìnrin kan wà nínú wa tó tún gbogbo fáìlì tò láti 2009, ó ń jókòó títí alẹ́. Lọ́jọ́ tí àwòrán keje jáde, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní aago márùn-ún géérégé. Láti ìgbà náà, aago márùn-ún ló ń lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì
Àyà mi já. Ṣé kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn rárá?

Akọ̀wé kan
"Ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni ọ̀gá máa ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì
"Ẹ kú iṣẹ́" kì í ṣe ìyìn! Mo ń sọ ọ́ fún ẹni tí n kò mọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyá Àgbà Ilé Oyè
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gbàgbé oríkì ni? Ìyá mi kò jí mi láàárọ̀ rí láìkì mí. Kí n tó dìde, mo ti fẹ́ ṣe iṣẹ́.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́
Màmá, ẹ foríjì mí, oríkì yàtọ̀. Wọ́n ń ki ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe èrè iṣẹ́.

Ìyá Àgbà Ilé Oyè
Ìdí nìyẹn tó fi lágbára. Ọmọ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun kí òun tó gbé ìgbálẹ̀. Bí ẹ bá bá a wí lẹ́yìn náà, yóò gbọ́.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Màmá, mo gbà. Láàárín oṣù mẹ́rin tí mo fi ń pariwo, mo lérò pé ọmọ yẹn rò pé mo kórìíra òun ni. Lọ́la, àwọn mẹ́rin yòókù ni mo fẹ́ máa wò, torí òun nìkan ni mo ń yìn láti ọjọ́ yìí, ojú wọn sì ti ń yí padà. Ọmọ Alákétu, obìnrin olóyún yẹn ńkọ́?

Ọmọ Alákétu
Ó bímọ láyọ̀, ọpẹ́ ni. Ọ̀gá kejì ló ní kí n lọ bá zem náà, kí n jẹ́wọ́. Mo gbé owó rẹ̀ dání. Ó gba owó, ó dúpẹ́, a jọ mu omi. Ṣùgbọ́n kò gbé alùpùpù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi mọ́, ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí.