Ẹ gbà mí o, eṣinṣin fẹ́ jẹ máńgòrò mi tán ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní igi máńgòrò mẹ́fà lẹ́yìnkùlé mi ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tọdún yìí wá burú jù, ẹ máa rí ojú dúdú bíńtín lára èso bí ìgbà tí wọ́n fabẹ́rẹ́ gún un, tẹ́ ẹ bá wá là á, ìdin funfun lá máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún níbẹ̀. Ìyàwó mi ò fẹ́ rí máńgòrò sójú mọ́.

Àbúrò mi tó ń ka àgíríkọ́ ní eṣinṣin tó ń gún èso yẹn nìkan kọ́ ló ń bà á jẹ́, pé bakitéríà wà níkùn ẹ̀, tó bá ti ń yé ẹyin sábẹ́ èèpo, òun náà á bá a wọlé, á jẹ́ kí èso tètè rà kí ìdin lè rí nǹkan jẹ.

Gúáfà àti igi fúrúùtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ náà ni eṣinṣin yẹn ń sá sí, ṣé kí n gé wọn ni? Àwọn máńgòrò tó ti jábọ́ ńkọ́, ààtàn ni mò ń dà wọ́n sí, àbí kí n dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú kí oòrùn pa ìdin yẹn? Ẹni tó bá ti lo tráàpù, ìyẹn pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú eṣinṣin, rí, jọ̀ọ́, èló lẹ rà á? Ẹ má sọ pé kí n fín oògùn o, orí igi làwọn ọmọ ti ń jẹ ẹ́.