Akaja, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ àti àwa ẹlẹ́ja Àjàṣẹ́

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọwọ́ àwọn apẹja ọ̀sà àti ti Aguégué, àwọn abúlé orí omi tó wà nítòsí wa, ni mo sì ti ń rà á, nítorí náà ohun tí mo gbọ́ létí omi ni mo fẹ́ sọ. Bí àwọn àlejò bá wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ọ̀sà, akaja ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bá wí. Òótọ́ ni pé ó ní ìpalára: ẹ̀ka igi ni wọ́n ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè rí ibi sá sí, kí ó jẹun, kí ó sì bí sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka bá ti ń jẹrà ni ẹrẹ̀ ń pọ̀ sí i, igi etí omi sì ń tán nítorí pé gígé ni wọ́n ń gé e.

Bàbá kan tí mo máa ń ra ẹ̀pìyà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé inú akaja nìkan ni àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, èyí tó ń kó ọmọ ẹja, kò lè dé, àti pé ẹja tí ó yè níbẹ̀ ni ó ń tàn ká ọ̀sà. Àbúrò rẹ̀ kò gbà. Ó ní àwọn olówó ti fi akaja pín omi láàárín ara wọn, tálákà kò sì rí ibi na àwọ̀n sí mọ́. Lójú tèmi, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Koríko orí omi náà ń yọ wá lẹ́nu: bí odò Wẹmẹ bá kún, koríko náà máa ń bo ojú ọ̀sà débi pé ọkọ̀ kì í rí ọ̀nà, bí omi iyọ̀ bá gba Kútọnu wọlé nígbà ẹ̀rùn, koríko náà máa ń kú, ó sì máa ń rì.

Láti ọdún 2000 ni ọ̀sà wa ti wà lára àwọn ibi olómi tí àdéhùn Ramsar, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìtọ́jú ibi olómi, kà sí pàtàkì fún gbogbo ayé. Ó dùn mí pé àwọn obìnrin tí a jọ ń ra ẹja kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ owó tí a ń yá apẹja ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn apẹja náà fi ń ra àwọ̀n. Mo ti ń kọ ẹ̀pìyà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé e lọ. A ti ń bá ara wa sọ ọ́ pé kí gbogbo wa jọ kọ̀ ọ́; ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkọ wọn fúnra rẹ̀ ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni a kò tíì rí yanjú.